Tiwa Dà?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá ń gbálẹ̀, ó ń bá mi gbálẹ̀. Bí mo bá dé ẹnu iṣẹ́, ó ti jókòó síbẹ̀ dè mí. Ìyá Èkó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló bi mí níwájú ààfin Honmè ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, olú ìlú Benin, lásìkò tí oòrùn ti mú gan-an tí bàtà sì ti ń dùn ún lẹ́sẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà ààfin, ó wo èmi, ó ní: “Àṣàkẹ́, ilé ọba yìí dára. Ilé gómìnà Faransé tẹ́ ẹ fi hàn wá láàárọ̀ náà dára. Tiwa dà?”

Mo ní, “Ìyá, ó ń bọ̀ níwájú,” bí ìgbà tí èèyàn bá ń tan ọmọ tébi ń pa pé ọbẹ̀ ti fẹ́ jinná. Èmi gan-an ò mọ ohun tó ń bọ̀ níwájú yẹn.

Ọ̀nà tá a máa ń mú àlejò gbà

Ẹni tó bá ń gbé Àjàṣẹ́, tí ẹbí sì máa ń wá kí i, mọ ọ̀nà náà lórí. Àlejò á gba ibodè Ìgóló wọlé, á jẹun, á sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, gbogbo yín á kó sínú ọkọ̀: ààfin Honmè, ilé àwọn gómìnà àtijọ́ tí àwọn aṣòfin sọ di ilé ìgbìmọ̀, ọgbà ewéko tó jẹ́ igbó ọba nígbà kan, ère ọba ní pápá Jean Bayol, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé da Silva tó dá lórí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíl padà wálé. Bó bá bọ́ sọ́jọ́ ọjà Adjarra, ẹ máa yà ra ìlù. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbà á, ó di Songhai.

Songhai ni ọkọ mi fẹ́ràn jù láti mú èèyàn lọ. Àlùfáà Godfrey Nzamujo ló dá oko náà sílẹ̀ ní ọdún 1985, ohun kan kì í ṣòfò níbẹ̀: ìgbẹ́ adìẹ di ìdin, ìdin di oúnjẹ ẹja. Nígbà tí Ìyá Èkó rí àwọn ìdin yẹn, ó búra pé òun ò ní fẹnu kan ẹja mọ́ títí òun máa fi padà sílé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló jẹ ẹja yíyan méjì.

Ààfin ò ya Abẹ́nà, ọmọ Ìyá Èkó ọkùnrin, ẹni tí kò dé Benin rí, lẹ́nu. Fọ́tò tó kọ́kọ́ yà, ìgò epo páyò ni, ìyẹn epo ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wá láti Nàìjíríà, àwọn ìgò ràbàtà tí wọ́n tò sórí àga lẹ́bàá títì, tí oòrùn ń ta sí lára. Ó pariwo pé, “Epo wa nìyí!” Ẹlẹ́po náà, tó gbọ́ Yorùbá ju bí ọmọ yẹn ṣe rò lọ, ní, “Bó bá jẹ́ tiyín, kí ló dé tẹ́ ẹ gbówó lé e?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nítorí láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni kò ti sẹ́ni tí kò ní ẹjọ́ tó ń rò lójú ọ̀nà yìí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: gbogbo ohun tá a fi hàn wọ́n lọ́jọ́ yẹn, inú ìgò nìkan ni ẹnikẹ́ni ti rí nǹkan tó pè ní tiwa.

Àwọn ọmọ ò ro tiyẹn. Ti Èkó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tiwa ń sọ Faransé, kí bọ́ọ̀lù tó kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta wọ́n ti ń fi Yorùbá bú ara wọn.

Ilé ọba ẹlòmíràn

Honmè kì í ṣe ibi téèyàn ń fojú fò. Ibẹ̀ ni Ọba Toffa jókòó sí, ẹni tó jọba láti 1874 di 1908, tó sì fi ìlú rẹ̀ sábẹ́ ààbò Faransé. Èèyàn á bẹ̀rẹ̀ kó tó lè gba ẹnu ilẹ̀kùn kan wọlé, á bọ́ sí àgbàlá, àgbàlá yẹn á tún mú un dé òmíràn. Ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri ń ṣàlàyé ní Faransé, èmi ń túmọ̀. Ìyá Èkó fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tá a jáde ló bèèrè ohun tó bèèrè.

Mo kọ́kọ́ fi ìtàn dá a lóhùn. Mo ní àwọn àgbà ìlú sọ pé àwọn ọdẹ Yorùbá ló tẹ àdúgbò Accron dó, kí Tè-Agbanlin, ẹni tó dá ìjọba Àjàṣẹ́ sílẹ̀, tó ti Allada dé rárá, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí abàmì olórí mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní Avessan, tí ojúbọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “Ìtàn lo sọ yẹn, mi ò jiyàn ẹ̀. Mo ní kó o fi hàn mí.” Alhájà tó ti lọ sí Mẹ́kà ni mo mú dání, mi ò lè gbé e dé iwájú ojúbọ kí n ní kó wá wo tiẹ̀.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà nílẹ̀ o, ilé tí mo máa fi júwe ni mi ò rí.

Mo ti wá ro ìdí rẹ̀ dáadáa láti ìgbà yẹn. Nínú àwọn bàbá wa tó wá sí Àjàṣẹ́, òwò ló gbé ọ̀pọ̀ wọn wá. Oníṣòwò kì í kọ́ ààfin. Ìsọ̀ ló ń kọ́, ó ń kọ́ ilé tí ọmọ àti ayalégbé máa jọ gbé, bówó bá wá pọ̀ sí i, á dá sí mọ́sáláṣí. Kò sí èyí tí ìjọba máa ń fi okùn yí ká nínú wọn. Bó o bá gba àárín ìlú kọjá pẹ̀lú àlejò, ìsọ̀ àti ilé àwọn èèyàn rẹ lo ń gbà kọjá láti lọ wo ààfin àwọn ẹlòmíràn.

Níwájú mọ́sáláṣí ńlá

Mọ́sáláṣí ò sí lára ibi tá a fẹ́ dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Ọjà la ń lọ, Ìyá Èkó fẹ́ wo aṣọ. Bá a ṣe yọ sí i báyìí, ó gbá ọkọ mi léjìká láti ẹ̀yìn: “Dúró, dúró níbẹ̀.”

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ bó ṣe rí: ilé gogoro méjì níwájú, òpó tí wọ́n mọ mọ́ ara ògiri, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì gbẹ́ sórí fèrèsé, àwọ̀ oríṣiríṣi tí oòrùn àti òjò ti jẹ. Àwọn òyìnbó tó bá rí i kọ́kọ́ máa ń rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, wọn ò sì jẹ̀bi, nítorí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bàhíà ní Bràsíl. Ọdún 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó di 1935 kí ó tó parí. Mo ti la ẹnu láti máa ka gbogbo èyí fún un. Kò dúró dè mí.

“Àwọn Àgùdà ló kọ́ èyí.”

Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀? Ó wò mí bí ẹni tí mo rí fín. “Ṣé Èkó kọ́ ni mò ń gbé ni? Shitta-Bey ńkọ́?”

Òótọ́ ni. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tó wà ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, Àgùdà ló yàwòrán rẹ̀, João Baptista da Costa. Ìyá Èkó ti ń ta aṣọ ní Balógun láti ìgbà èwe mi. Ojoojúmọ́ ló ń rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lára ògiri. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn lọ síbi ògiri, ó fi ìka tọ́ ibì kan tí ọ̀dà ti ṣí. Àwọ̀ ewé ló wà lókè, ìyeyè wà lábẹ́ rẹ̀, lábẹ́ ìyẹn, àwọ̀ kan tó fẹ́ pọ́n díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ló kan ẹfun. Ó ń kà á sókè fún ọmọ rẹ̀, bó ṣe máa ń ka ìdì aṣọ.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi pe ìrun Àlàásárì. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, mọ́sáláṣí tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Ìyá Èkó wò wọ́n títí, ó yíjú sí bàbá àgbà kan tó gbé bútà lọ́wọ́.

“Ẹ n lẹ́ o, Bàbá. Ṣé ẹ ò kírun nínú èyí mọ́ ni?”

Bàbá ní tuntun ló gbèrò jù. Ó ní ògbólógbòó yìí, àwọn ń retí kí ìjọba wá tún un ṣe ni, kí àwọn àlejò lè máa wá wò ó.

“Kí wọ́n máa wò ó?” Ìyá Èkó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ilọ́jọ̀ Bar fún bàbá yẹn, lórí ìdúró, pẹ̀lú pé ìrun ń lọ. Ilé Àgùdà ni, lẹ́bàá Tinúbú. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún 1956 ni ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 wọ́n wó o palẹ̀. Ó ní, “Ìwé ìjọba wà lára ẹ̀, Bàbá. Ìwé ò gbé katapílà dúró. Shitta-Bey tẹ́ ẹ rí yẹn, Jímọ̀ ló gbé e dúró. Ta ló máa gbé katapílà lọ síbi tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti ń forí kanlẹ̀?”

Bàbá ní, “Alhájà, òtítọ́ lẹ sọ.” Ohun tó sọ kù díẹ̀ kó tó pé òun gbà, nítorí ó fi kún un pé òrùlé náà ń dẹ́rù ba òun.

Ìyá Èkó kọjú sí mi. “Àṣàkẹ́, tiwa rèé. Ẹ sì ti ń kẹ́rù jáde nínú ẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ó ṣe àlùwàlá, ó sì wọ tuntun lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìmáàmù wà.

Ta ni “wa” nínú tiwa?

Ẹnì kan lè ní mọ́sáláṣí àwọn ará Bràsíl ló ń pè ní tiẹ̀ yẹn. Bá a ṣe máa ń júwe rẹ̀ fún àlejò náà nìyẹn: ilé Bràsíl. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn Àgùdà? Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ni, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́hùn-ún, tí wọ́n padà wálé. Gbogbo wọn kọ́ ló jẹ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Yorùbá pọ̀ nínú wọn, Mùsùlùmí náà sì pọ̀. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1835, àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde ogun ní Salvador, Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ṣẹ́ wọn. Wọ́n lé àwọn mìíràn kúrò ní Bràsíl, àwọn mìíràn sì rí i pé ilẹ̀ náà ti ki, wọ́n tọrọ ọ̀nà. Èkó, Àjàṣẹ́, Glehue (Ouidah), Agoué: etí òkun yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn balẹ̀ sí.

Ẹ wá wò ó. Ọmọ Yorùbá kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lábẹ́ pàṣán ní Bàhíà, ilé Ọlọ́run ẹlòmíràn ló ń fi ọwọ́ rẹ̀ mọ. Nígbà tó padà dé, ọwọ́ kan náà yẹn lòun àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi mọ mọ́sáláṣí. Òdòdó tó wà lórí fèrèsé yẹn, ohun tójú rí ló kọ́ ọ. Orúkọ wọn á máa jẹ́ da Silva, wọ́n á sì máa tẹ́ ẹní ìrun. Nínú ẹbí kan náà ní Àjàṣẹ́, wàá rí ẹni tó ń lọ sí Máàsì àti ẹni tó ń gba ààwẹ̀, wọ́n á sì jọ jẹ ẹ̀wà Àgùdà nígbà ọdún. Bí èyí kì í bá ṣe tiwa, mi ò mọ ohun tó kù tó lè jẹ́ tiwa ní ìlú yìí.

Ohun tá a ń lò kò ní tíkẹ́ẹ̀tì

Ibi tí ọ̀rọ̀ Ìyá Èkó gbé mi dé rèé: ohun tá a máa ń fi han àlejò, ohun tí ìlò rẹ̀ ti tán ni. Honmè di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nítorí ọba kankan ò sùn níbẹ̀ mọ́. Igbó ọba di ọgbà nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ò bani mọ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí fún gbogbo ayé, tí wọ́n gbé àga síta tí wọ́n ń gba owó ìwọlé, onílé ti lọ. Tiwa ò tíì débẹ̀. Ìsọ̀ ṣì kún. Ọjà Ouando kì í dúró kó o ya fọ́tò, wọ́n á fi ẹrù tì ọ́. Nígbà tí Egúngún bá jáde ní àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ rẹ ni wàá fi sanwó bó bá lé ọ.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiẹ̀ jẹ́ kó hàn kedere sí i. Ní 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ pé ó jẹ́ ohun iyebíye fún gbogbo ayé, ní 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá wọn fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n igi tó wà nínú gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, igi lásán ni. Ẹ lọ sí Kétu lóru ọjọ́ tí Ẹ̀fẹ̀ bá ń kọrin, tí gbogbo ìlú ń retí ẹni tó kàn láti bú, kẹ́ ẹ rí bí àwọn kan ṣe ń fi ìborùn bojú kí wọ́n tó dárúkọ wọn. Wọn ò tíì rí gíláàsì tó lè gba ìyẹn.

Ilé aṣòfin tuntun tí Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, yàwòrán rẹ̀ fún Àjàṣẹ́ ńkọ́? Igi tí àwọn èèyàn ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ gbìmọ̀ ni wọ́n ní ó fi ṣe àwòkọ́ṣe. Mo fẹ́ràn àwòrán náà, mi ò purọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí igi ọ̀hún fúnra rẹ̀, kó wá sábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa nírọ̀lẹ́, á bá wọn lẹ́nu ẹjọ́ ewúrẹ́.

Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo ń rò ó pé ti onílé ló burú jù, nítorí òun ń ríran lójoojúmọ́ títí ojú rẹ̀ fi kú sí i.

Ibi tí mi ò ti bá Ìyá Èkó dé òpin

Síbẹ̀, àdúrà nìkan ò lè gba ilé là. Ẹni tó ń lo nǹkan ló sábà máa ń yí i padà. Àwọn tó kọ́ mọ́sáláṣí tuntun yẹn, wọn ò kórìíra àtijọ́. Èrò pọ̀, òrùlé ń dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n sì fẹ́ ibi tó mọ́, tó tutù. Bí wọ́n bá gbà láti padà sínú ògbólógbòó yẹn lọ́la, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ lẹ táìsì funfun mọ́ ògiri, kí wọ́n gé òdòdó orí fèrèsé kúrò láti fi gíláàsì alumíníọ̀mù sí i. Wọ́n á kírun níbẹ̀ tayọ̀tayọ̀, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti Bàhíà dé á ti lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kò pé méjì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹyọ kan. Kí àwọn tó mọ̀ nípa ilé àtijọ́ mójú tó òrùlé àti ògiri, ìyẹn ò ṣeé fi ẹnu ṣe. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ìdílé tó mọ ọ́n síbi tí gbogbo èèyàn ti máa rí i. Shitta-Bey ń jẹ́ orúkọ ẹni tó náwó sí i títí dòní, tiwa kàn jẹ́ mọ́sáláṣí ńlá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe kó ẹní jáde tán. Bí Jímọ̀ bá pọ̀ jù fún un, kí wọ́n fún un ní ìrun kan lójúmọ́. Bí ìyẹn náà bá ṣòro, kí wọ́n kó ilé kéú wọ ibẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ibi tí ọmọ kéékèèké bá ti ń pariwo álífù, ba, ta, pẹ̀lú wàláà lórí itan, kì í rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé ilé náà ti ṣófo.

Mo sọ èyí fún Ìyá Èkó lórí fóònù. Ó ní mo ti ń sọ̀rọ̀ bí aṣòfin. Ó ní kí n bá òun wo iye tí wọ́n ń ta àǹkárá tó rí lọ́jọ́ yẹn, pé oníbàárà òun kan ti rí fọ́tò rẹ̀.

Àbúrò mi kan ń bọ̀ láti Marseille ní ìparí ọdún pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó ti ń bèèrè Ganvié, ìlú orí omi, lórí WhatsApp; Ganvié ni gbogbo wọn máa ń bèèrè. A máa lọ. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé kí wọ́n gbìyànjú kí wọ́n ti dé kó tó di Jímọ̀, kí ìyàwó sì mú ìborùn dání. Lẹ́yìn ìrun, a máa gba Ouando kọjá, kí ó lè ra aṣọ. Honmè á tẹ̀lé e, bí wọn ò bá tíì tilẹ̀kùn.